Kí Ẹ Tó Béèrè Ẹni Tó Kọ Ọ́ Sára Ògiri

Ẹni tó bá rí ìkọ̀wé àjèjì lábẹ́ afárá, lára ògiri ibùdókọ̀ tàbí lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgboro, ìbéèrè kan ló sábà máa ń bọ́ sí i lẹ́nu: ta ló kọ èyí? Ohun tí ìrírí kọ́ mi ni pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Kí ni wọ́n fi kọ ọ́? Báwo ni ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ṣe dé ibẹ̀? Láti ìgbà wo ni ògiri yẹn ti wà níbi tí èèyàn ti lè kọ nǹkan sí i? Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀, kí ló sì wà lórí rẹ̀? Ẹni tó bá fi sùúrù dáhùn ìwọ̀nyí lè rí orúkọ níkẹyìn. Bí kò bá tilẹ̀ rí i, ohun tó máa mọ̀ nípa ẹni tó kọ ọ́ á ju orúkọ lásán lọ.

Ohun kan ṣáájú gbogbo rẹ̀: ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ máa padà wá lọ́la. Ọ̀rọ̀ òpópónà Goulston ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún ẹni tó bá fẹ́ dúró de ọ̀la. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1888, nígbà tí wọ́n ń wá apààyàn tí wọ́n wá ń pè ní Jack the Ripper, ọlọ́pàá kan tó ń ṣọ́ àdúgbò rí àgékù aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé kan, ó sì rí gbólóhùn kan tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ sára ògiri lókè ibẹ̀. Agogo mẹ́ta òru kò tíì lù nígbà náà. Àwọn kan nínú àwọn ọlọ́pàá ní kí wọ́n dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá, Sir Charles Warren, rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn Júù ló wà nínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rù pé bí èrò bá jí rí i, wọ́n lè kọlu àwọn Júù tó ń gbé àdúgbò náà. Kí agogo mẹ́fà tó lù, wọ́n ti nù ún kúrò. Ẹ̀dà tí àwọn ọlọ́pàá fọwọ́ kọ nìkan ló kù, àwọn ẹ̀dà náà kò sì bára mu. Nínú ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé "kò rí bẹ́ẹ̀" wà ní ìdajì àkọ́kọ́ gbólóhùn. Nínú èkejì, ó wà ní ìdajì kejì, ìyẹn sì yí ìtumọ̀ padà. Wọn kò tilẹ̀ fẹnu kò lórí lẹ́tà tí wọ́n fi kọ orúkọ àwọn Júù náà. Gbólóhùn kan péré ni, àwọn tó dà á kọ sì jẹ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa kíyè sí nǹkan. Títí dòní ni àwọn èèyàn ṣì ń jà lórí rẹ̀.

Fọ́tò mẹ́ta ni mo kà sí dandan. Èkíní, láti nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, kí àyíká lè hàn: ilẹ̀kùn, fèrèsé, òpó iná, ohunkóhun tí ẹlòmíràn lè fi dá ibẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Èkejì, ìkọ̀wé náà lódindi, kí kámẹ́rà dojú kọ ògiri tààrà, nítorí fọ́tò tí a yà láti ẹ̀gbẹ́ máa ń fún lẹ́tà pọ̀, kò sì ní ṣeé fi wé òmíràn mọ́. Ẹ̀kẹta, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nítòsí. Kí rúlà wà nínú èkejì àti ẹ̀kẹta, kó sì sún mọ́ ojú ògiri gan-an. Bí ẹ bá dì í mú níwájú ògiri, á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ lójú fọ́tò, gbogbo ìwọ̀n tí ẹ bá sì tibẹ̀ mú jáde á kéré sí òtítọ́.

Lẹ́yìn fọ́tò ni àkọsílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ibi tí ògiri dojú kọ, fífẹ̀ ìkọ̀wé, gíga láti ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ lẹ́tà, àti láti ilẹ̀ dé òkè rẹ̀. Gíga yìí ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ òun ló lọ́rọ̀ lẹ́nu jù. Àgbàlagbà tó bá dúró sábà máa ń kọ̀wé sí àárín àyà sí ojú ara rẹ̀, nǹkan bíi mítà kan àti ààbọ̀. Ìkọ̀wé tó wà ní ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà lè jẹ́ ti ọmọdé tàbí ti ẹni tó jókòó. Ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló ti ga sí i láti ìgbà náà. Bó bá wà ní mítà mẹ́ta, ẹ ronú nípa àkàbà, èjìká ọ̀rẹ́, orí ọkọ̀, tàbí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ kúrò. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri dáadáa kí ẹ tó yan ọ̀kan.

Ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì tàbí èédú tọ ojú ìlà kó lè hàn. Ẹ má da omi sí i. Ẹni tó bá fi ṣọ́ọ̀kì tọ ìlà, ohun tó rò pé òun rí ló ń kọ. Ṣọ́ọ̀kì náà á wọ inú ojú ibi tí wọ́n fín, kò ní jáde tán, ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn rẹ̀ á máa ka èrò ọkàn rẹ̀ dípò ìkọ̀wé. Mo ti rí i pé àṣìṣe yìí ló ba nǹkan jẹ́ ju òjò lọ, àwọn tó fẹ́ràn ìkọ̀wé náà gan-an ló sì máa ń ṣe é.

Bó bá jẹ́ pé họ́họ ni wọ́n họ ọ́ sára ògiri, iná ẹ̀gbẹ́ ni oògùn rẹ̀. (Họ́họ ló ṣáájú ọ̀dà: ọ̀rọ̀ náà graffiti fúnra rẹ̀ wá láti èdè Ítálì, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a fi nǹkan mímú họ ara ohun kan.) Ẹ lọ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí kí ẹ fi aṣọ dúdú bo ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ gbé e sún mọ́ ojú ògiri láti ẹ̀gbẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rá lórí ògiri náà, ní igun tí kò ju dígírì márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni òjìji á kún inú gbogbo ojú ìlà, lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò rí lọ́sàn-án á sì dìde. Ìlà tó bá lọ sí ibi kan náà tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ kì í hàn rárá, nítorí náà ẹ má gbójú lé apá kan. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, kí ẹ ya fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Apá mẹ́jọ dára ju mẹ́rin lọ. Bí tọ́ọ̀ṣì bá sún mọ́ ìkọ̀wé jù, ìdajì kan á funfun kọjá ààlà, ìdajì kejì á ṣókùnkùn. Ẹ sún un sẹ́yìn dé mítà kan tàbí méjì. Iná orí kámẹ́rà kò wúlò níbí, torí iwájú ló ti ń tàn, òjìji kankan kò sì ní sí.

Ohun tó máa ń tan èèyàn jẹ jù lọ lábẹ́ iná ẹ̀gbẹ́ ni sísán ògiri. Ibi tí ògiri ti sán máa ń rìn wọ́gọwọ̀gọ, kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tó dájú, ó sì máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ títí á fi parẹ́. Ojú ọ̀bẹ tàbí ojú ìṣó yàtọ̀: ó jìn níbi tó ti wọlé, ó fúyẹ́ níbi tó ti jáde, ìdọ̀tí kékeré tó tì síwájú sì máa ń wà ní òpin rẹ̀ bí wọ́n bá kọ ọ́ nígbà tí ẹfun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ṣì rọ̀.

Ọ̀nà kan wà tó lágbára ju iná ẹ̀gbẹ́ lásán lọ. Tom Malzbender àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí HP ló gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. RTI ni wọ́n ń pè é báyìí. Ẹ gbé kámẹ́rà ka orí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù dúdú dídán kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀wé kí wọ́n lè wọ inú fọ́tò. Ẹ wá máa gbé iná káàkiri bí ẹni pé igbá kan dé bo ìkọ̀wé náà, kí ẹ ya fọ́tò kan níbi kọ̀ọ̀kan, títí á fi tó ogójì sí ọgọ́ta. Okùn ni kí ẹ fi máa wọn jíjìn iná, kó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin fífẹ̀ ohun tí ẹ ń yà. Kọ̀ǹpútà á wo ibi tí iná ti tàn lára bọ́ọ̀lù náà, á fi mọ ibi tí iná wà, á sì fún yín ní àwòrán tí ẹ lè máa yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wù yín lórí tábìlì. Bí kámẹ́rà bá mì díẹ̀ láàárín, gbogbo iṣẹ́ náà di òfo. Fún ọ̀dà tó ti ṣá, pàápàá àwọ̀ pupa, DStretch, ètò kọ̀ǹpútà tí Jon Harman ṣe, ló máa ń gbé ohun tó ti sọnù jáde. Fọ́tò kan ṣoṣo ló nílò, bí ó bá sá ti mọ́lẹ̀ dọ́gba.

Ohun ìkọ̀wé ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Edward Seymour ará Illinois ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fín, ní ọdún 1949. Ìkọ̀wé tí wọ́n bá fi irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kọ kò lè ju ìgbà yẹn lọ, bí ọdún tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 1920. Bírò náà kò lè ṣáájú László Bíró, ẹni tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ kálámù lẹ́nu wa, tó gba ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1938. Máákà tó lọ káàkiri jẹ́ ti àwọn ọdún 1950 síwájú. Ẹ ṣọ́ra o: ohun ìkọ̀wé ń sọ ìgbà tí kò lè ṣáájú, kì í sọ ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Èèyàn lè fi ìṣó họ ògiri lánàá gan-an.

Nígbà míì, ohun tó ń sọ ọjọ́ ni bí ohun ìkọ̀wé náà kò ṣe lágbára. Ní ọdún 2018, àwọn tó ń wú ilẹ̀ ní Pompeii ní Ítálì, ìlú tí òkè ayọnáyèéfín Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79, bá ìlà kan tí wọ́n fi èédú kọ sára ògiri ilé kan. Ó sọ ọjọ́ kẹrìndínlógún ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, èyí tó bọ́ sí ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ní ìṣirò wa. Kò sọ ọdún. Àwọn ìwé àtijọ́ sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ni òkè náà bú. Báwo ni ìlà tí kò ní ọdún ṣe lè jiyàn pẹ̀lú ìwé? Èédú ni. Èédú kì í lẹ̀ mọ́ ògiri; aṣọ ẹni tó ń kọjá lè nù ún. Iṣẹ́ àtúnṣe sì ń lọ nínú ilé náà lọ́wọ́. Ṣé irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ lè wà láti oṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú kó ṣì mọ́ kedere? Ó ṣòro láti gbà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń gbà báyìí pé oṣù kẹwàá ni àjálù náà ṣẹlẹ̀. Ẹni tó fi èédú kọ ọ́ kò mọ̀ pé òun ń ṣe ẹ̀rí nǹkan kan.

Ọ̀dà inú agolo máa ń sọ bí ọwọ́ ṣe rìn. Bí ẹnu agolo bá wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí ògiri, ìlà á mọ́, etí rẹ̀ á gé. Bó bá jìn sí i, etí á fọ́n bí èéfín. Ibi tí ọ̀dà bá ti ń ṣàn wálẹ̀, ọwọ́ lọ́ra níbẹ̀ tàbí ó dúró ronú; ọ̀dà ẹni tó ti kọ orúkọ kan náà nígbà ẹgbẹ̀rún kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàn. Bí wọ́n bá gé lẹ́tà sára páálí kí wọ́n tó fín ọ̀dà sí i, ẹ wo inú O, A àti R: ó gbọ́dọ̀ ní okùn páálí tó di àárín rẹ̀ mú, kó má baà jábọ́, okùn yẹn á sì yọ bí àlàfo nínú ọ̀dà. Bí okùn náà bá wọ́ díẹ̀, tàbí tí igun kan ya, àbùkù yẹn á tún jáde níbi gbogbo tí wọ́n bá ti lo páálí náà. Mo gbẹ́kẹ̀ lé àbùkù páálí ju ìjọra ọ̀rọ̀ lọ fíìfíì. Páálí ni ẹ dá mọ̀ o. Ẹ kò tíì dá ọwọ́ tó dì í mú mọ̀.

Ìjọra ọ̀rọ̀ ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Pompeii kan náà ní ìkọ̀wé ara ògiri tó lé ní 11,000, ewì kékeré kan sì wà nínú wọn tó ń bá ògiri wí pé ó ya òun lẹ́nu pé kò tíì wó pẹ̀lú gbogbo ìkọkúkọ tó gbé rù. Wọ́n rí i ní ibi tó ju ọ̀kan lọ nínú ìlú náà, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì kọ wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ará ìlú ni. Nítorí náà, lẹ́tà ni kí ẹ fi wé lẹ́tà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ K, iye ìgbà tí wọ́n gbé ọwọ́ nínú E, ibi tí ìrù R ti yọ, bóyá wọ́n fa ìlà sí àárín 7 gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù ṣe máa ń ṣe. Lẹ́tà kan ṣoṣo kò tó. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà kan náà jáde lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ má sì fi ìkọ̀wé ògiri wé ti inú ìwé. Ọrùn ọwọ́ ni a fi ń kọ̀wé sínú ìwé, èjìká ni a fi ń kọ ọ́ sára ògiri. Ẹnì kan náà lè dà bí ẹni méjì.

Ibi tí ìkọ̀wé bá ti pọ̀ lórí ara wọn, ẹ wá ibi tí ìlà méjì ti gba ara wọn kọjá, kí ẹ fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Bí ọ̀dà bá wọ inú ojú họ́họ, họ́họ ló ṣáájú. Bí ojú họ́họ bá gé ọ̀dà, tí àwọ̀ ògiri tó wà lábẹ́ sì yọ, ọ̀dà ló ṣáájú. Ìkọ̀wé tó bá rọra yí gba ẹ̀gbẹ́ òmíràn kọjá bá a níbẹ̀ ni.

Kí ẹ tó wá ẹni tó kọ ìkọkúkọ, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe àmì iṣẹ́ ni ẹ ń wò. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dà tí wọ́n fín sórí títì ní òfin àwọ̀: pupa fún wáyà iná, yẹ́lò fún gáàsì, ọsàn fún wáyà tẹlifóònù, búlúù fún omi mímu, àwọ̀ ewé fún omi ìdọ̀tí, àlùkò fún omi tí wọ́n tún lò, píǹkì fún àwọn awọnlẹ̀, funfun fún ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. Àmì X ńlá tó kún ara àwọn ilé New Orleans lẹ́yìn ìjì Katrina ní ọdún 2005 jẹ́ ti àwọn adóòlà-ẹ̀mí: òkè rẹ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n wọlé, òsì fún orúkọ ẹgbẹ́ wọn, ọ̀tún fún ewu tó wà nínú ilé, ìsàlẹ̀ fún iye èèyàn tí wọ́n bá, òkú àti alààyè. Ẹni tí kò mọ̀ á pè é ní ìkọkúkọ. Lára òkúta àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, àmì kékeré tó ń jáde léraléra lè jẹ́ ti agbẹ́kùúta tó fi ń sọ pé òun ló gbẹ́ òkúta yìí, kí wọ́n lè sanwó rẹ̀ fún un. Ìlà tó dà bí nọ́ńbà Róòmù lára igi àjà jẹ́ ti káfíńtà tó fẹ́ mọ igi tó bá igi mu. Òdòdó onípẹ́tálì mẹ́fà tí wọ́n fi kọ́ńpáàsì fà, èyí tó pọ̀ gan-an nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà, ọ̀pọ̀ olùwádìí gbà pé ààbò ni wọ́n fi ń wá lọ́wọ́ ohun búburú. Iṣẹ́ àwọn olùfara-ẹni-jìn tó bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Norfolk ní ọdún 2010 ló jẹ́ kí a mọ bí irú wọn ṣe pọ̀ tó. Tọ́ọ̀ṣì àti kámẹ́rà lásán ni wọ́n fi ṣe é.

Iṣẹ́ ló tú ọ̀rọ̀ Kilroy náà. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ibi gbogbo tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà bá dé ni wọ́n ti ń bá gbólóhùn tó sọ pé Kilroy ti débí, pẹ̀lú àwòrán ọkùnrin kan tí imú rẹ̀ gùn, tó ń yọjú lórí ògiri. Ní ọdún 1946, àjọ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò, American Transit Association, ṣe ìdíje lórí rédíò láti mọ Kilroy gan-an. Àwọn bí ogójì ló jáde pé àwọn ni. James J. Kilroy, tó ń yẹ iṣẹ́ wò ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Quincy, Massachusetts, ló gbà á, nítorí àlàyé rẹ̀ bá bí iṣẹ́ ṣe ń lọ mu. Iye ìṣó irin tí òṣìṣẹ́ bá kàn ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò á kà á, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó kà dé. Bó bá ti yẹsẹ̀, àwọn kan á nu àmì náà kúrò kí ẹlòmíràn lè tún un kà, kí wọ́n gbowó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ló mú kí Kilroy máa kọ gbólóhùn gígùn dípò àmì kékeré. Ogun ń kánjú, ọkọ̀ ń jáde láìkùn ún lọ́dà tán, àwọn ọmọ ogun wá ń bá orúkọ rẹ̀ nínú ihò irin tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè dé mọ́. Ohun tó fi gba ẹ̀bùn nìyẹn: ó ṣàlàyé ìdí tí ìkọ̀wé náà fi wà níbi tí kò yẹ kó wà. Ọkùnrin onímú gígùn náà ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Chad. Ọ̀rọ̀ àti àwòrán, orísun méjì ni wọ́n ní kí wọ́n tó pàdé lára ògiri kan. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti ń tọpa ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, tí mo sì ń tọpa àwòrán lọ́tọ̀.

Máàpù ni ohun èlò tó kù tí n kò lè fi ṣeré. Ní oṣù keje ọdún 1971, ìwé ìròyìn New York Times kọ nípa orúkọ kan tó kún gbogbo ìlú náà: TAKI 183. Nọ́ńbà yẹn ni òpópónà tí ọmọkùnrin náà ń gbé, 183rd Street. Iṣẹ́ ajíṣẹ́ tó ń ṣe ló sì gbé orúkọ rẹ̀ dé àwọn àdúgbò tó jìn sí ilé rẹ̀. Ilé àti iṣẹ́, méjèèjì ti wà nínú ìkọ̀wé náà fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Ẹ fi àmì kan sí orí máàpù fún ibi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i sí i. Bí àmì bá tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ wá ọ̀nà bọ́ọ̀sì tàbí ọ̀nà rélùwéè tó gba ibẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ yí ibì kan ká tí wọ́n sì ń dínkù bí ẹ ṣe ń jìnnà, ẹni náà ní ohun tó ń ṣe ní àárín yẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀nà tí ẹ̀yin fúnra yín ń rìn ló máa ń kún fún àmì. Ẹ kọ àwọn òpópónà tí ẹ rìn tí ẹ kò sì rí nǹkan kan sílẹ̀ pẹ̀lú. Láìsí ìyẹn, máàpù ìrìn yín ni ẹ yà.

Fún ọjọ́, Street View ti Google, ìyẹn àwòrán àwọn òpópónà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wúlò gan-an. Ọdún 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti 2014 sì ni èèyàn ti lè padà wo àwọn àwòrán àtijọ́ lórí rẹ̀. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ dúró níwájú ògiri náà, kí ẹ tẹ ọjọ́ tó wà lókè kó lè fi àwọn ọdún tó kù hàn. Ẹ wá èyí tó gbẹ̀yìn tí ògiri ṣì mọ́, àti àkọ́kọ́ tí ìkọ̀wé ti wà. Àárín méjèèjì ni wọ́n kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bá àwọn tó máa ń jí dé ibẹ̀ sọ̀rọ̀: agbálẹ̀, ọlọ́dẹ, awakọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má bi wọ́n pé ta ló kọ ọ́, nítorí ìbéèrè yẹn dà bí ti ọlọ́pàá, ẹnu á pamọ́. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, àti ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Arthur Stace ní Sydney ní Ọsirélíà ló fi hàn pé ọ̀nà yìí lè pẹ́. Láti ọdún 1932, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó túmọ̀ sí "ayérayé" ń hàn lórí ilẹ̀ títì ìlú náà ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé náà sì lẹ́wà bí ti akọ̀wé àtijọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ìlú fi ń béèrè. Ní ọdún 1956, pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí Stace ti ń ṣe ìmọ́tótó ká a mọ́ ibi tó ti mú ṣọ́ọ̀kì jáde, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìwé ni, tó ti fi ìgbà kan rí jẹ́ ọ̀mùtí. Kò sẹ́ni tó ń wo agbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó ń wá ọwọ́ tó lẹ́wà bẹ́ẹ̀. Ó ń kọ ọ́ lọ títí tó fi kú ní ọdún 1967. Nǹkan bí ìgbà 500,000 ni wọ́n fojú bù ú sí.

Orúkọ tí ẹ bá bá lára ògiri kò tó ẹ̀rí pé ẹni tó ni ín ló kọ ọ́. BYRON, orúkọ akéwì Gẹ̀ẹ́sì kan, wà lára òpó tẹ́ḿpìlì Poseidon ní Sounion ní Gíríìsì, akéwì náà sì dé ibẹ̀ ní ọdún 1810 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí kankan pé ọwọ́ tirẹ̀ ló fín in. Orúkọ olókìkí ni àwọn èèyàn fẹ́ràn jù láti kọ.

Ọ̀dà tí wọ́n fi bo ìkọ̀wé mọ́lẹ̀ kì í ṣe òpin rẹ̀. Ní erékùṣù Angel ní California, níbi tí wọ́n ti há àwọn ará Ṣáínà tó fẹ́ wọ Amẹ́ríkà mọ́ láàárín ọdún 1910 sí 1940, àwọn ẹni náà fi ọ̀bẹ gbẹ́ ewì sára ògiri onípákó. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n fi pọ́tì dí i, kí wọ́n sì kùn ún. Pọ́tì náà ló dáàbò bò ó. Ní ọdún 1970, nígbà tí wọ́n ti ń múra láti wó ilé náà, òṣìṣẹ́ ọgbà kan tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri, ó sì rí lẹ́tà. Ewì tó lé ní 200 ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun tó ń pa ìkọ̀wé run pátápátá ni omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ tì jáde tipátipá àti yanrìn tí wọ́n fẹ́ sára òkúta. Bí ẹ bá gbọ́ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ níbì kan, alẹ́ tó ṣáájú ni kí ẹ lọ.

Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣì wà láàyè, n kì í gbé orúkọ rẹ̀ jáde láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ní ìlú Daraa ní Síríà, ọdún 2011, àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n kó tí wọ́n sì dá lóró nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sára ògiri. Ẹni tó ń tọpa ìkọ̀wé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé máàpù tó yà lè di ìwé àṣẹ láti fi mú èèyàn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo máa ń kọ ibi, ọjọ́, ohun ìkọ̀wé àti ìwọ̀n sílẹ̀ ní gbangba, mo sì máa ń tọ́jú ohun tó bá tọ́ka sí ilé tàbí ibi iṣẹ́ èèyàn sọ́tọ̀.

Fọ́tò kò ní láárí bí ẹ kò bá lè rí i mọ́. Ẹ fi ọdún, oṣù àti ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ òpópónà tẹ̀ lé e, kí nọ́ńbà gbẹ̀yìn. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà méjì sí ibi méjì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ padà síbẹ̀, ẹ dúró síbi tí ẹ dúró sí tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú lẹ́ńsì kan náà àti ní wákàtí kan náà, kí ẹ ya òmíràn. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ wo ohun tó ti ṣá, ohun tí wọ́n kọ lé e, àti bóyá ẹnì kan ti padà wá fi ọwọ́ kan náà tún ìlà tó ń parẹ́ kọ.